Àyè Iyán Nínú Pí-ó-pì

"Nọ́ọ̀sì! Ẹ gbà wá o, màmá ò lè mí mọ́!"

Ìyàwó ọmọ Ìyá Ràfíù ló ń ké bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ilé-ìwòsàn wa ní Ṣakí. Mo sáré wọ wọ́ọ̀dù. Màmá ń mí gúlegúle, abọ́ oúnjẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló ń pa wọ́n lọ. Èmi ni mo fi pí-ó-pì, ẹfun líle tí a fi ń de egungun, wé wọn láti àyà dé ìdí lọ́sàn-án, tí mo sì ń yan kiri pé iṣẹ́ mi dán.

Ìkòkò omi ni màmá gbé ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí tí egungun ẹ̀yìn wọn fi wó. Ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà ni. Mo bi Dókítà bóyá ó máa ṣiṣẹ́ abẹ, kó fi irin dè é.

Ó ní, "Egungun tó ti gbó nìyẹn. Bí o bá kan ìṣó mọ́ igi tí ikán ti jẹ, ṣé á dúró?"

Pí-ó-pì nìkan ló kù, àbí kí màmá wà lórí ìdùbúlẹ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé.

Nírọ̀lẹ́ yẹn, mo ki àlùmọ́gàjí ńlá bọ pí-ó-pì náà, mo gé e láti òkè délẹ̀. Màmá mí kanlẹ̀. Ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n mí.

"Ìyá, kí lẹ jẹ?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ni."

"Ẹ gbààwẹ̀ pẹ̀lú àìsàn yìí? Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ṣé o bi mí ni? Inú òfìfo lo wọ̀n!"

Háà! Gbogbo àdúgbò ń gbààwẹ̀, èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ò tiẹ̀ rò ó.

Lọ́jọ́ kejì, Dókítà ní ká ṣẹ́ aṣọ po sórí ikùn wọn, ká wé pí-ó-pì lé e, tó bá gan, ká fa aṣọ náà yọ kí àyè lè kù. Màmá bọ́ ìborùn wọn fún mi. Mo ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mẹrin.

Wọ́n wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Fi kún un jàre. Iyán là ń jẹ nílé wa."

Ẹ̀rín pa Dókítà, mo sì fi kún un. Àyè yẹn ló gbà wọ́n. Wọ́n jẹun, wọ́n mí, kò pẹ́ tí wọ́n fi ń rìn ní wọ́ọ̀dù. Lóṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, a tú pí-ó-pì náà kúrò lára wọn, a sì ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹ̀yìn wọn tẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn dé ìdí mọ́tò. Inú mi dùn gan-an.

Ìborùn náà ni mo fi ń wá àyè oúnjẹ fún àwọn aláìsàn mìíràn títí ó fi gbó jákujàku. Nígbà tí mo sáré tọ màmá lọ ní ìdí mọ́tò lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé láti dá a padà, wọ́n tì í sí mi lọ́wọ́.

"Mú un dání, ọmọ mi. Àwọn tó ń bọ̀ náà á jẹun."