Géèmù Tó Ń Jẹ Iná Amẹ́ríkà

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi ra géèmù tòkunbọ̀ kan ní Òṣòdì. Ó gbé e wọlé, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, ó ki wáyà rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Àfi bí ẹni pé òórùn rọ́bà tó ń gbóná ta sí mi nímú. Mo ní kó yọ ọ́ kíá. Ó rẹ́rìn-ín, ó yí ẹ̀yìn géèmù sókè kí n ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. "Dádì, ẹ wò ó, gbogbo iná ló ń jẹ, tiwa àti ti Amẹ́ríkà." Òótọ́ ni. Síbẹ̀, mo fi ọwọ́ ara mi yọ ọ́. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ṣógúnlé ni mo dàgbà sí, nínú ilé tí àwọn yàrá rẹ̀ kọjú síra. Yàrá àwọn Ràṣídì ló kọjú sí tiwa, ọmọ ọdún méjìlá sì ni àwa méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi géèmù kan ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí a rí ládùúgbò. Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe lẹ́nu ọ̀nà wa yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó mi orí. "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ìdajì iná tiwa ni nǹkan yìí ń jẹ. Ẹ má fún un ní odidi o." Ó bá wa wá tíráńsífọ́mà kan, irin tó wúwo bí ọmọ ọlọ, tó máa ń kùn bí oyin lábẹ́ tábìlì. Òun ló ń dín iná kù kó tó dé inú géèmù.

Àwòrán rẹ̀ pàápàá kò bá tẹlifíṣọ̀n wa mu. Bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán hàn lọ́hùn-ún yàtọ̀ sí tiwa. Ó kọ́kọ́ ń yí lọ sókè bí ẹní tí wọ́n ń ká. Nígbà tí bàbá yẹn yí nǹkan kan lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ó dúró, ṣùgbọ́n kò ní àwọ̀. Bọ́ọ̀lù ni a ń gbá nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ méjèèjì sì rí bí eérú. Góòlù tó bá ti wọlé, ti Ràṣídì ni.

"Èmi ni mo gbá a."

"Irọ́ ni. Èmi ni."

"Ó dáa, ilé ta ni géèmù wà?"

Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Bàbá Ràṣídì, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan n'Ísọlọ̀, rí i pé a kò kàwé mọ́. Ló bá ń fi kọ́kọ́rọ́ ti tíráńsífọ́mà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù kó tó jáde.

Iná wa kì í sábà pé láyé ìgbà yẹn. Àáfù kọ́rẹ́ǹtì la ń pè é: gílóòbù á pọ́n bí ẹyín iná, fáànù á máa yí bí ẹni tó ń ronú. Ní ọ̀sán ìsinmi kan, mo gbójú sókè wo gílóòbù. Èmi ni mo mọ ìṣirò jù nínú àwa méjèèjì.

"Ràṣídì, ìdajì ló ń jẹ, ìdajì ni wọ́n mú wá. Kí la tún fẹ́ fi tíráńsífọ́mà ṣe?"

"Orí ẹ pé, jàre."

A ki wáyà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ṣiṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi ṣiṣẹ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún, odidi iná dé lójijì. Gbogbo ọmọ inú ilé hó yèè, èmi náà hó. Àfi gbàù nídìí ògiri: àpótí kékeré orí wáyà géèmù ti bẹ́, ó ń yọ́, ó ń rú èéfín. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù. Ràṣídì ní, "Yọ ọ́, yọ ọ́." Ẹ̀rù bà mí, mo fà sẹ́yìn. Ó na ọwọ́ kọjá mi. Wáyà ti bó. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí àwọn àgbà bi mí pé ta ló ní ká so ó mọ́ iná láìsí tíráńsífọ́mà, mo dorí kodò. Wọ́n fi ìyẹn ṣe ìdáhùn: Ràṣídì ni, ọmọ tí kì í gbọ́ràn. Títí bàbá rẹ̀ fi kú, ó ń sọ pé kọ́kọ́rọ́ òun ló pa ọmọ òun. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ láìmọye ìgbà.

Ilé yẹn ti di ṣọ́ọ̀bù báyìí. Àwọn ẹ̀rọ ti gbọ́n, wọ́n ń ṣọ́ ara wọn. Àáfù kọ́rẹ́ǹtì ṣì wà, èmi náà ṣì wà. Ìyá Ràṣídì ń gbé ní Òkè-Àfà, mo sì ń lọ kí i lóṣooṣù. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, kò lè kàwé mọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n láyà láti kọ èyí. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, mo ti pinnu pé màá sọ ọ́. Kí n tó la ẹnu, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Bí ìwọ náà bá lọ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Ìwọ ló ṣẹ́kù fún mi."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó bu oúnjẹ fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán.