Ọba Jámánì Tó Tẹ̀lé Pósí Aya Rẹ̀

Ṣọ́ọ̀bù àlòkù kan ní Rye Lane, ládùúgbò wa nílùú òyìnbó, ni bàbá mi ti ra ìwé ọba Jámánì yẹn. Ilẹ̀ tí ọba náà jọba lé lórí kò ju Peckham àti Nunhead lọ. Ó gorí oyè láti kékeré, ó ṣe afárá, ó sì ta àwọn ẹṣin rẹ̀ láti bọ́ ará ìlú nígbà ìyàn. Bàbá mi máa ń kà á fún màmá mi, tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀.

Ọmọ ọba ni bàbá mi. Kò sí àlejò tí kì í gbọ́ ọ kó tó jókòó, ó sì máa ń bí mi nínú, torí bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Lọ́jọ́ kan, bàbá mi ka ibi tí olorì ti kú, tí ọba náà fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé pósí nínú òjò, láìdé fìlà. Wọ́n pa ìwé dé.

“Ọba wo ló ń tẹ̀lé òkú? Nílé wa, ọba ò gbọdọ̀ fojú kan òkú, ìbáà ṣe ti ìyàwó ẹ̀.”

Màmá mi rẹ́rìn-ín. “Daddy, ìyàwó ẹ̀ ṣáà ni. Ẹ jẹ́ ó tẹ̀lé e.”

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọba ìlú wa wàjà. Ilé tiwa ló kàn, bàbá mi sì ni àwọn afọbajẹ mú. Wọ́n pe bàbá mi lórí fóònù pé kí wọ́n máa bọ̀ nílé kíákíá. Bàbá mi ń kọrin káàkiri ilé. Bẹ́ẹ̀, dókítà ti sọ fún wa pé màmá mi kò ní pẹ́ láyé mọ́.

“Daddy, mo mọ̀ pé gbogbo ayé yín lẹ fi retí ẹ̀. But tí Mummy bá kú ńkọ́? Ẹ ò ní lè wo ojú wọn o! Ṣé èmi àti carer council tó ń tọ́jú wọn nìkan la máa sin wọ́n ni?”

Bàbá mi wọlé lọ bá màmá mi, wọ́n sì tún ka ibi òjò yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe ilé, pé kí wọ́n fi àbúrò àwọn jọba. Ó dùn mí fún wọn gan-an.

Nígbà tí màmá mi kú, bàbá mi wo ojú wọn títí kí wọ́n tó dé pósí. Ní géètì itẹ́ òkú Nunhead, bàbá mi ní kí mọ́tò wa dúró, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé pósí. Oòrùn ń ràn lọ́jọ́ náà. Ní ẹnu sàréè, wọ́n bu yẹ̀pẹ̀ sọ́wọ́.

“Olorì mi,” ni wọ́n wí, “ó dàárọ̀.”