Páàdì Tó Wọ Ọkọ̀ Bàbá Wa

Kò sí ẹni tó dúró wo ọkọ̀ bàbá wa ní Ìkẹ́rẹ́ tí bàbá kò sọ fún pé kò sí nọ́ọ̀tù kan nínú rẹ̀ tí kò ti Ìlú Ọba wá. Ọkọ̀ eré sísá ni, ìjókòó méjì péré, òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn. Ìgbà tó ń kàwé lọ́hùn-ún ló rà á. Nígbà tó kú, mo jogún ọkọ̀, mo sì jogún ẹnu tó fi ń yangàn.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí á pe àwọn tó ń ra irin àlòkù kí wọ́n wá gbé e, torí kò ní bíréèkì mọ́, ó kàn gba àyè lábẹ́ igi máńgòrò. Mo bẹ Màmá pé kí wọ́n má gbà. Wọ́n ní:

"Bó bá gbé mi dé ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì l'Émùré, kó dúró lúlé. Bí éè bá gbé mi dé ibẹ̀, kí wọn gbé e lọ."

Ìkórè ku oṣù méjì. Mẹkáníìkì wa ní kí òun tú páàdì bíréèkì tó ti jẹ tán kúrò, kí n mú un dání lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páátì. Bí a ti ń ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyẹn: a kì í fẹnu lásán ra páátì ọkọ̀. Ògbólógbòó la ń mú lọ, ọlọ́jà á gbé tuntun lé e lórí, bí ìgbà tí a ń wọn bàtà fún ọmọ. Lójú èmi olùkọ́, ti ẹni tí kò ní ìwé nìyẹn. Ìwé ọkọ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo kọ nọ́ńbà páàdì inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Ìlú Ọba, páàdì sì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, nínú páálí tó ń dán, orúkọ ọkọ̀ wa gàdàgbà lára rẹ̀.

Kò wọlé. Mẹkáníìkì gbìyànjú lọ́tùn-ún, ó gbìyànjú lósì. Inú bí mi, mo ní bóyá òdì ló ń kọ ojú rẹ̀ sí.  Ó fi àkísà nu ògbólógbòó, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ìkórè ku ọjọ́ mẹ́rin.

Ìyá tó ń ta páátì lọ́nà Àkúrẹ́ kò tilẹ̀ béèrè orúkọ ọkọ̀. Ó yí páàdì mi síwá sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ mú òmíràn lábẹ́ tábìlì, ó gbé e lé e. Wọ́n ṣe déédéé, etí kan etí.

"Ti takisí àtijọ́ tó ń ná Àkúrẹ́ nìyí," ló wí.

"Ọkọ̀ tèmi kì í ṣe takisí, mà."

"Urin éè mọ ìyẹn. Ẹ lọ fi wò."

Wẹ́rẹ́ ló wọlé. "Ohun tẹ́ ẹ ń wá lọ sí Sókótó ni, mà," ni mẹkáníìkì wí, kò sì parí òwe náà. Ojú tì mí, mo sì bínú sí bàbá mi nínú ibojì rẹ̀. Irọ́ ni mo ti ń bá a pa kiri láti ọdún yìí wá.

Láàárọ̀ ìkórè, bí Màmá ti ń wé gèlè, mo sọ fún wọn pé bíréèkì takisí ni Bàbá fi sínú ọkọ̀ náà.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Èmi lí mo ní kó ṣe é. Bíréèkì já lọ́wọ́ rẹ̀ lórí òkè, oyún rẹ wà lára mi. Mo ní mi ò níí wọ̀ ọ́ mọ́. Ti Ìlú Ọba éè sí lọ́jà, ó wá pààrọ̀ gbogbo bíréèkì rẹ̀ sí ti takisí. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún ẹnìkan."

A sọ̀ kalẹ̀ lórí gbogbo òkè tó wà lọ́nà náà, bíréèkì sì ń mú. Níbi kan báyìí, Màmá tilẹ̀ sùn.

Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rẹ́ Bàbá kan tó ti darúgbó fọwọ́ pa ọkọ̀ náà lára. Ó bi mí bóyá gbogbo rẹ̀ ṣì jẹ́ ti Ìlú Ọba.

Mo wo Màmá. Wọ́n ń wo ilẹ̀.

"Gbogbo rẹ̀, sà," ni mo wí. Màmá di apá mi mú, a sì wọlé.