Máàkì Márùn-ún fún Ehoro Roswitha

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí Roswitha ṣe ń bínú, ẹ wọ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọ ilé rẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tí èmi àti ẹ̀ ti jọ ń gbé abúlé yìí lẹ́bàá Detmold ní Jámánì, ẹgbẹ́ sì ni wá, síbẹ̀ mi ò tíì láyà láti jẹ bisikíìtì lórí àga rẹ̀. Lẹ́tà ló ń pín kiri kó tó fẹ̀yìn tì. Bí òjò ń rọ̀, bí yìnyín ń bọ́, lẹ́tà rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n.

Ewald ọkọ rẹ̀ ló fẹ́ràn ehoro. Ọdún kan, ó gbé ọ̀kan lọ síbi àfihàn ẹgbẹ́ ọlọ́sìn ehoro. Adájọ́ fún un ní máàkì méjì péré nínú márùn-ún ti ìmọ́tótó, ó sì kọ ọ́ sórí káàdì pé: "Ẹsẹ̀ dọ̀tí, èékánná gùn." Háà, àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ náà rí ẹni fi ṣe yẹ̀yẹ́! Ewald Ẹlẹ́gbin ni wọ́n ń pè é títí ó fi kú. Ohun tó ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni: Roswitha gbé káàdì náà kọ́ ògiri ilé ìdáná, kò sì sí àlejò tí kò gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá ló bá ra Flocke, abo ehoro funfun báláú, tí etí rẹ̀ kan dorí kodò. Mo ní, "Roswitha, elétí kan yìí kọ́ ló máa gba ife ẹ̀yẹ o."

Ó ní, "Ta ló ń wá ife? Máàkì márùn-ún ti ìmọ́tótó ni mo ń wá. Kó pé márùn-ún géérégé. Màá fi dí gbogbo wọn lẹ́nu."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń pààrọ̀ koríko gbígbẹ tí Flocke ń sùn lé, kí ìtọ̀ má baà sọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ di pupa rúsúrúsú. Á fi omi rẹ ọwọ́ díẹ̀, á fi máa fa irun tó ti kú kúrò lára rẹ̀, torí bí ehoro bá lá irun náà mì, inú rẹ̀ á dí. Á gbé e sójú fèrèsé, á wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ dé nínú èékánná kọ̀ọ̀kan, kó tó gé ṣóńṣó orí rẹ̀. Á dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí itan, á fi òwú àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nu igun méjì ìdí rẹ̀ tí èérí olóòórùn máa ń kó sí. Èmi tí mò ń wò ó, mo fọwọ́ dí imú.

Mo ní, "Kí ló dé tí o ò kúkú gbé e bọ inú báàfù?"

"O fẹ́ pa á fún mi ni, Irmela? Ehoro kì í wẹ̀! Bí òtútù ò bá pa á, ẹ̀rù á pa á. Gba búrọ́ọ̀ṣì yìí, kí o dákẹ́."

Sátidé àfihàn náà pé nínú oṣù kẹwàá. Gbọ̀ngàn àwọn panápaná kún dẹ́múdẹ́mú, mo sì ń tún irun orí mi ṣe bí ẹni pé èmi gan-an ni wọ́n fẹ́ gbé lé tábìlì. Ottokar, alága ẹgbẹ́, tó rẹ́rìn-ín Ewald ju gbogbo wọn lọ, yọjú wo inú àgò Flocke.

Ó ní, "Roswitha, ṣé etí kan yẹn ń sùn ni?"

"Ó ń sùn kó má baà gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ."

Òfin wa le. Kí adájọ́ má baà mọ ẹni tó ni ehoro tó wà níwájú rẹ̀, ẹni tó ni ín kò gbọdọ̀ la ẹnu. Bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á lé ehoro rẹ̀ jáde.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Nígbà ìsinmi, èmi fúnra mi ni mo gé kéèkì pọ́ọ̀mù, èso elésè àlùkò olómi yẹn, fún adájọ́, Ọ̀gbẹ́ni Wessling. Ó jẹ méjì. Ó padà sídìí tábìlì, wọ́n sì gbé Flocke wá. Ó fẹ́ atẹ́gùn sínú irun rẹ̀, ó yẹ ẹsẹ̀ wò, ó yẹ ìdí wò, ó ń mi orí pé ó dára. Inú mi ń dùn! Àfi bó ṣe gbé ọwọ́ kúrò: àbàwọ́n elésè àlùkò rèé gbàǹgbà lẹ́yìn Flocke! Pọ́ọ̀mù mi ni! Adájọ́ fajú ro. Ó fa káàdì mọ́ra, àtàǹpàkò rẹ̀ tí omi pọ́ọ̀mù wà lára rẹ̀ tún tẹ orí káàdì, ó sì gbé bírò.

Roswitha dìde. Kò sọ nǹkan kan. Ó rìn tààrà lọ bá a, ó yọ aṣọ tútù kan nínú àpò, ó gbá ọwọ́ adájọ́ mú, ó sì nu àtàǹpàkò rẹ̀ bí ìyá ṣe ń nu ọwọ́ ọmọ. Ó wá na aṣọ náà sókè lójú rẹ̀.

Ottokar fò sókè. "Ó ti rú òfin! Ẹ lé e jáde!"

Ọ̀gbẹ́ni Wessling wo aṣọ, ó wo àtàǹpàkò, ojú tì í. Ó ní, "Alága, ṣé ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu màmá yìí?"

"Rárá, àmọ́..."

"Òfin ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Ẹ jókòó." Ó gba aṣọ náà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ nu ẹ̀yìn Flocke, ó tún un yẹ̀ wò látorí dé ìdí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: márùn-ún. Mo pariwo débi pé àwọn ehoro ń ta nínú àgò.

Nírọ̀lẹ́, Roswitha gbé káàdì tuntun náà kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ewald. Àmì àtàǹpàkò adájọ́, ti pọ́ọ̀mù náà, ṣì wà lórí rẹ̀. Èmi tó ti kọ́ ìmọ́tótó lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, mo sáré mú aṣọ tútù, mo fẹ́ nù ún.

Ó gbá mi lọ́wọ́. Omijé wà lójú rẹ̀.

Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Ìdọ̀tí yẹn kì í ṣe tiwa. Jẹ́ kí Ewald rí i."