Ìwé Ìran Ìyá Akọ̀wé

Ọdún mọ́kànlá ni Olúrẹ̀mí ti ń kọ ìran sílẹ̀ ní ìjọ aláṣọ funfun kan ní Moniya. Bí ẹ̀mí bá ti gbé ẹnìkan báyìí, a sáré kúnlẹ̀ tì í, a máa kọ gbogbo ohun tó bá bọ́ lẹ́nu onítọ̀hún. Kì í bù kún un, kì í yọ níbẹ̀. Ìyá Akọ̀wé ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn.

Láti oṣù kejì ni ẹ̀mí ti ń gbé ọmọ tirẹ̀, Ànúolúwapọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó kù díẹ̀ kó ṣe ìdánwò àṣejáde girama. Ara ọmọ náà á máa gbọ̀n, ojú rẹ̀ á lọ réré. Ìyá rẹ̀ á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Nílé, Ànú kò lè jókòó sójú kan. Kì í jẹun. A máa họ ọrùn títí yóò fi bó. Olúrẹ̀mí ní ààwẹ̀ ló ń gbà.

Kifayah, nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà, kò gbà bẹ́ẹ̀.

"Ìyá Ànú, ẹ yẹ báàgì ọmọ yìí wò."

"Ẹ̀mí kì í wọ báàgì, Kifayah."

"Ohun tó ń wọ ibẹ̀ ni mo wí. Tírámádọ̀ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń gbé mì bí gúgúrú yìí, gìrì ló ń fà. Ó ń pani, mà."

"Ẹ̀yin Mùsùlùmí, kí lẹ mọ̀ nípa ìran?"

"Mi ò mọ ìran. Gìrì ni mo mọ̀."

Lọ́sàn-án Sátidé, Olúrẹ̀mí yẹ báàgì náà wò. Nínú ike tí ọmọ náà ń kó rúlà àti kọ́ḿpáàsì sí, ó rí sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn kan. Hóró mẹ́rin ló kù. Ó ka orúkọ tó wà lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Tírámádọ̀ ni, ó sì dá a padà síbi tó ti mú un. Wòlíì ti kéde pé ọ̀la ni wọn yóò fòróró yan Ànú gẹ́gẹ́ bí aríran. Bí ìyẹn bá ti parí, ni ó ń sọ fún ara rẹ̀, màá bá a sọ ọ́. Ó mú ìgbálẹ̀, ó tún ilẹ̀ tó ti gbá láàárọ̀ gbá.

Wọn kò tíì gbé òróró jáde lọ́jọ́ kejì tí Ànú fi ṣubú. Ó gan. Ìfófòó bo ẹnu rẹ̀. Agogo ń dún, ìjọ ń kọrin.

"Ìyá Akọ̀wé, ẹ máa kọ," ni Wòlíì wí.

Ó kọ déètì. Ojú ọmọ náà ti yí sókè, funfun rẹ̀ nìkan ló kù.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n dá agogo yẹn dúró. Oògùn ni. Mo rí i lánàá."

Orin já. Èèyàn mẹ́ta gbé ọmọ náà, wọn kò dúró wọ bàtà, ó di ilé ìwòsàn.

Ìrọ̀lẹ́ ni Ànú tó mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó ń tú u sílẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ẹ rí i lánàá, mọ́mì. Ẹ ò dé ike yẹn dáadáa. Mò ń retí pé ẹ ó bi mí."

Olúrẹ̀mí dìde lórí àga, ó jókòó, ó tún dìde.

"Mò ń bi ọ́ báyìí," ni ó wí. "Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀?"

Ànú kọjú sí ògiri. "Oṣù kejì, mọ́mì," ni ó wí.