Orúkọ Gígùn Lójú Ogun

Ó ti di ọdún mẹ́ta tí mo wọ ilé ọkọ mi, mi ò sì tíì fi orúkọ pe ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mi ò ní wá bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé. Ẹni tó bá ń wá orúkọ, kó lọ bi ìyá ọkọ mi. Òun ló bí wọn, òun ló lè pè wọ́n, ó sì máa ń pè wọ́n ní àpètán, títí kan orúkọ tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún wọn.

Accra ni wọ́n bí gbogbo wa sí, àti ìyá ọkọ mi pàápàá. Ìdí nìyẹn tó fi le mọ́ àṣà ju àwọn tó wà nílé lọ. Ó ní ẹni tó wà nílé lè gbàgbé nǹkan díẹ̀, ará àdúgbò á rán an létí. Àwa tí à ń gbé láàárín àwọn Gá, tí wọ́n ń pè wá ní Alata, ta ni yóò rán wa létí? Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo délé, mo fi orúkọ pe àbúrò ọkọ mi obìnrin pé kó bá mi mú síbí wá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà, èmi ti lé ní ogún. Ìyá ọkọ mi gbé omi tó ń mu kalẹ̀.

"Ìyàwó, nínú ìwọ àti òun, ta ló kọ́kọ́ dé ilé yìí?"

Láti ọjọ́ náà ni ọmọbìnrin yẹn ti di Ẹyinjú-ẹgẹ́ lẹ́nu mi, tí ọkọ mi sì di Olówó-orí-mi. Orúkọ méjèèjì dùn ún pè. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa sọ wá di òkú lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ta tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ géèmù ní ọjà Okaishie. Oníbàárà kì í sanwó kó tó rí i pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo sì máa ń bá wọn dán an wò lẹ́yìn ilé-ìwé, tèmi ti yúnífọ́ọ̀mù. Géèmù kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà, ti àwọn ṣọ́jà. Ogun àtijọ́ ni, irú èyí tí àwọn bàbá ńlá wa bá òyìnbó lọ jà ní Bọ́mà: ẹrẹ̀, kòtò, àti ìbọn onígi tó jẹ́ pé bí o bá ti yìn ín lẹ́ẹ̀kan, wàá ní sùúrù kí o tó tún un yìn. Ìwọ nìkan lo máa jà. O ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ ọ́n débi pé àwọn oníbàárà kan ra ẹ̀rọ náà nítorí wọ́n rò pé òun ló mọ ìbọn í yìn.

Lẹ́yìn náà mo lọ́kọ, mo sì bímọ. Ọmọkùnrin ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo máa ń fi imú sí i lórí, kí n máa gbóòórùn rẹ̀ bíi búrẹ́dì gbígbóná. Àmọ́ kí n sọ òótọ́: oṣù mẹ́jọ ló fi ń mu mí bí ẹni pé ẹ̀rọ omi àdúgbò ni mí. Kò sí bùláùsì mi kan tí wàrà ò tíì ya àwòrán sí. Bí mo bá wọ ilé ìwẹ̀, á máa ké lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá jẹun, ọwọ́ rẹ̀ á wà nínú abọ́.

Ìgbà yẹn ni àwọn tó ṣe géèmù náà tún un ṣe. Kì í ṣe pé wọ́n fi nǹkan kún ti àtijọ́. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Ó ti di ogun òde òní. Kò sí ẹrẹ̀ mọ́, àárín ìlú ni wọ́n ti ń jà, pẹ̀lú takisí tó ti jóná àti ilé alájà mẹ́rin. Àwọn ṣọ́jà ní fóònù, wọ́n ní ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ tó ń yọjú wo ẹ̀yìn ògiri. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń jà. Ohun tí o bá rí, o ní láti ké sí ẹnì kejì rẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo yín á kú.

Ní gbogbo Sátidé, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀ máa ń lọ gbá a ní ilé géèmù kan lẹ́yìn ọjà Kaneshie. Bábà kan tó ń gẹrun ládùúgbò ni ẹnì kẹta wọn. Bábà kó lọ sí Kumasi, ó sì ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n pàdé àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó ń ta awọ fóònù ní ibùdókọ̀, tí wọ́n ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ láti oṣù tó kọjá.

Mo ní, "Èmi ńkọ́?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Ìyá ọmọ, ti ìsinsìnyí kì í ṣe ti àtijọ́ o."

"Kí ẹ tó mọ̀ mí ni mo ti mọ ìbọn í yìn, Olówó-orí-mi."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ó dáa. Bí a bá borí, ìjókòó bábà di tìrẹ ní gbogbo Sátidé, Màámi á máa bá wa gbé ọmọ. Bí a ò bá borí, màá wá ẹlòmíràn, o ò sì ní bínú."

Mo gbà. Wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní mu mí! Mo fẹ́ ẹ bí mo ṣe ń fẹ́ amọ̀ funfun nígbà tí mo wà nínú oyún.

Ẹni tó kù ni ìyá ọkọ mi. A ò lè sọ pé ilé géèmù là ń lọ. A fún ọmọ lọ́mú, a gbé e fún un, a ní a fẹ́ lọ ra tòmátì.

"Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Láti ra tòmátì?"

Ọkọ mi ní, "Ó máa ń wúwo, Màámi."

Ní ilé géèmù, olúkúlùkù jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀, àwa mẹ́ta lápá ọ̀tún, àwọn mẹ́ta lápá òsì. Ìpàdé mẹ́ta ni a máa jà, ẹni tó bá borí nínú méjì ló ni ọjọ́. Orúkọ gbọ́dọ̀ wà lórí ṣọ́jà kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi ló bá mi kọ tèmi. Mo wojú ẹ̀rọ, mo rí ọkùnrin gìrìwò kan tó nírùngbọ̀n, tó gbé ẹrù ogun sẹ́yìn, wọ́n kọ ÌYÀWÓ sí i lórí.

A bẹ̀rẹ̀. Ìka mi rántí gbogbo nǹkan. Ẹnu mi ni kò rántí pé ogun ni. Ẹyinjú-ẹgẹ́ sá pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ takisí jíjóná, mo sì rí ẹnì kan tó yọ orí ní fèrèsé lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹyinjú-ẹgẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ẹ̀yìn yín, ó jọ pé ẹnì kan wà ní fèrè..."

Ó ti kú kí n tó dé ibi "ẹ jọ̀ọ́."

Kò tiẹ̀ wò mí. Ó ní, "Ìyàwó wa, kí ẹ tó kí mi tán, mo ti dé ọ̀run."

Mo yíjú sí ọkọ mi. "Olówó-orí-mi, apá òsì yín..."

Ọkọ mi ní, "Olówó-orí ti kú. Pe orúkọ wa! Ta ló máa gbọ́ ọ níbí?"

Ṣé ẹ rò pé mi ò gbìyànjú? Mo la ẹnu, ẹnu náà pa dé fúnra rẹ̀ bí ìlẹ̀kùn tí atẹ́gùn tì. Wọ́n pa èmi náà. Ọ̀kan nínú àwọn aláwọ fóònù bi ẹni tó ni ilé géèmù pé orin wo ni mò ń kọ, nítorí ó dùn.

A ń mura fún ìpàdé kejì nígbà tí mo gbọ́ igbe tí mo mọ̀. Àyà mi méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í da wàrà kí n tó bojú wẹ̀yìn. Ìyá ọkọ mi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń han bíi ti ẹni tí wọ́n jà lólè.

"Tòmátì dà?"

Ọkọ mi wo abẹ́ àga bí ẹni tó ń wá a.

Ó ní, "Ebi ń pa ọmọ, mo ní kí n wá yín lọ sọ́jà. Obìnrin tó ń ta kẹ́ńkẹ́ nígun níbẹ̀ yẹn ní ẹnì kan ń ké 'Olówó-orí-mi' nínú ilé yìí. Obìnrin mélòó ló wà ní Kaneshie tó máa ké bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe tèmi?"

Mo gba ọmọ, mo fi ìborùn bo ara mi, mo fún un lọ́mú. Ìyá ọkọ mi fa àga, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀rọ bí ẹni tó ń wo aṣọ tó fẹ́ rà.

"Ta ni Ìyàwó tí wọ́n kọ sórí ọkùnrin yìí?"

"Èmi ni, Màámi."

"Ìwọ lo nírùngbọ̀n tó báyìí?"

Ẹyinjú-ẹgẹ́ ò lè pa á mọ́ra. "Màámi, orúkọ gígùn ni Ìyàwó wa fi ń pa wá. Kó tó pè wá tán, wọ́n ti yìnbọn."

Mo dúró de ìbáwí. Ìyá ọkọ mi yíjú sí mi.

"Ta ló sọ wọ́n ní orúkọ yẹn?"

"Èmi náà ni, Màámi."

"Ṣé èmi ni mo ní kó gùn? Mo ní o ò gbọdọ̀ pe èyí tí bàbá wọn sọ wọ́n. Mi ò ní kí o máa kọ lẹ́tà sí wọn lójú ogun. Ọmọ mi obìnrin pupa, àbí kò pupa? Pè é ní Pupa. Ọkọ rẹ, pè é ní Ọkọ."

"Ọkọ mi ni àwọn méjèèjì, Màámi."

"Ìdí tí mo fi ní Pupa nìyẹn."

Ìpàdé kejì bẹ̀rẹ̀. Mo gbé pádì tí mo fi ń yìnbọn sókè orí ọmọ, ọmọ ń mu lábẹ́ ìborùn, mo sì ń wo ìlú náà. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan wà níbẹ̀, ó jọ ti Kaneshie gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá ti rajà ní Kaneshie mọ̀ pé abẹ́ àtẹ̀gùn ni èèyàn máa ń fara pamọ́ sí, ibẹ̀ ni òjìji wà. Mo lọ síbẹ̀. Mo bá ìbọn onígi kan nílẹ̀ níbẹ̀, irú ti àtijọ́, èyí tí kò sẹ́ni tó ń mú un nítorí kì í yára. Mo mú un bí ẹni tó pàdé ọ̀rẹ́ ilé-ìwé.

"Pupa, ẹ̀yìn!"

Pupa yí, ó yìnbọn, ó pa ọ̀kan.

"Ọkọ, òkè!"

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ẹni tó ń yìn ín láti òkè sá sọ̀kalẹ̀ kọjá níwájú mi. Mo ní sùúrù. Mo yìn ín. Ẹnì kẹta yọjú láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀, mo yin òun náà.

Ọkùnrin aláwọ fóònù náà pariwo, "Ta ló pa mí?" Ẹ̀rọ sì kọ ọ́ síwájú rẹ̀ gàdàgbà pé ÌYÀWÓ ni.

Ìyá ọkọ mi ti wà lórí ìdúró. Ó ń ki àwọn ọmọ rẹ̀ láti orí ọkọ mi dé orí bàbá bàbá wọn, títí ẹni tó ni ilé géèmù fi bẹ̀ ẹ́ pé, "Màámà, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ará òde ń wọlé."

Ìpàdé kẹta le. Wọ́n pa Pupa. Mo pa ọ̀kan, wọ́n pa Ọkọ, ṣùgbọ́n òun náà ti ṣe ẹnì kan léṣe kó tó kú, ẹ̀jẹ̀ sì dà lára ẹni yẹn títí tó fi kú lókè afárá. Ó wá ku èmi àti ẹyọ kan. Mo wà lábẹ́ àtẹ̀gùn mi. Mo rí i tó ń bọ̀, tó ń wo ọ̀tún, tó ń wo òsì, kò wo abẹ́. Mo fi ìbọn sí i láyà. Mo mú èémí dúró.

Ọmọ mi gé mi jẹ.

Eyín méjì tó hù lọ́sẹ̀ yẹn, tí mo tìtorí wọn dá ìyá rẹ̀ àgbà láàmú pé kó wá wò ó bí wọ́n ṣe rẹwà, ló fi dì mí lórí ọmú mú. Mo ké. Ọta mi lọ sójú ọ̀run. Ọkùnrin náà yí, ó yìnbọn, ìyàwó onírùngbọ̀n ṣubú.

Àwọn aláwọ fóònù ń jó. Ọmọ mi yọ orí lábẹ́ ìborùn, ó wo gbogbo wa, ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú eyín méjèèjì. Mi ò lè bínú sí i, omi kàn ń bọ́ lójú mi ni, mi ò sì lè sọ bóyá nítorí ọmú ni tàbí nítorí Sátidé.

Ọkọ mi rọra sọ pé, "Ó ṣeun, ìyá ọmọ. Ṣùgbọ́n a ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀."

Ìyá rẹ̀ ní, "Kí lẹ jọ sọ?"

Ó ṣàlàyé fún un. Ìyá ọkọ mi gbọ́ ọ tán.

"Mélòó ni ìwọ pa lónìí?"

"N kò... mo ṣe ẹnì kan léṣe, Màámi."

"Mi ò bi ọ́ nípa tẹni tó fara pa. Àbúrò rẹ pa ọ̀kan. Ìyàwó mi pa mẹ́ta, ọmọ rẹ sì wà lọ́mú rẹ̀. Ta ló ba nǹkan jẹ́? Ọmọ rẹ ni. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ máa yọ, ẹ yọ bàbá ọmọ."

Pupa rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ sílẹ̀ lórí àga. A ra tòmátì ní ìgbà tí à ń lọ sílé, mẹ́fà péré. Ọkọ mi ló gbé e.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ní òwúrọ̀, mò ń ro ẹ̀kọ ọmọ, ọwọ́ mi há. Mo ní, "Pupa, ẹ bá mi mú síbí wá."

Ìyá ọkọ mi gbé omi tó ń mu kalẹ̀.

"Ìyàwó, ṣé ojú ogun la wà báyìí?"

"Ẹ má bínú, Màámi. Ẹyinjú-ẹgẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú síbí wá."

Ó gbé omi rẹ̀, ó mu ún tán. Ó ní, "Yára fún ọmọ yẹn ní ẹ̀kọ rẹ̀ kó yó. Aago mẹ́rin kì í pẹ́ é lù."