Ìrìn Àjò Mi sí Karmo Nítorí Ọwọ́ Òsì

Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo kúrò nílé l'Ọ́mùò ní ọjọ́ Sátidé kan, nígbà ìsinmi kékeré àárín táàmù. Ìyàwó mi ti di mọ́ínmọ́ín ewé mẹ́rin fún mi sínú ọ̀rá. Bí mo ṣe ń wọ bàtà, ó tún bi mí pé kí ni mo fẹ́ lọ ṣe l'Ábújá gan-an. Mo ní mo fẹ́ lọ kí Fúnmiláyọ̀, ọmọ tí mo kọ́ ní kíláàsì kejì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ó ní òun kò rí i rí kí tíṣà máa wọkọ̀ wákàtí méje nítorí àtikí ọmọ tó kọ́, pé ọmọ ló ń wá kí tíṣà. N kò parọ́ fún un, ṣùgbọ́n n kò sọ òótọ́ tán.

Òótọ́ tó kù nìyí. Ọwọ́ òsì ni Fúnmiláyọ̀ fi ń kọ̀wé nígbà tí wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, a kì í fi í gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, a kì í fi í jẹun. Olùkọ́ tuntun ni mí nígbà náà, mo ń wá iyì, mo sì gbà pé ọmọ tó bá fi ọwọ́ òsì kọ̀wé ń tàbùkù ilé bàbá rẹ̀ àti kíláàsì mi pọ̀. Mo fa aṣọ ìkélé àtijọ́ kan ya, mo ń fi so ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ bẹ́ǹṣì láràárọ̀, n kì í sì í tú u títí agogo ìjáde yóò fi lù. Odidi táàmù kan ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìtọ̀ ń ṣe é, ojú ń tì í láti pè mí, ó sì tọ̀ sára níbi tó jókòó. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí táàmù tó parí, ó ti ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé, bàbá rẹ̀ sì ru iṣu mẹ́fà wá sílé mi láti dúpẹ́ pé mo bá òun tún ọmọ òun ṣe. A jẹ iṣu náà, ó sì dùn.

Ní ìparí táàmù kìn-ín-ní ọdún ẹ̀kọ́ yìí ni wọ́n kó àwa olùkọ́ jọ fún ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Obìnrin kan tí kò ju àkọ́bí mi lọ dìde, ó ní bí Ọlọ́run ṣe dá ọlọ́wọ́ òsì nìyẹn, pé kí a yé fi ìyà jẹ wọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi jókòó, mo ń ka àwọn tí mo ti so lọ́wọ́. Fúnmiláyọ̀ ni ẹni àkọ́kọ́. Mo kà wọ́n dé mọ́kànlá. Ó ku ọdún kan kí n fẹ̀yìn tì, mo wá rí i pé n kò fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Mo gba nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, mo ní mò ń bọ̀ wá kí i. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sunkún lórí fóònù, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè sọ ohun tí mo fẹ́ wá ṣe gan-an fún un.

Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà ni owó ọkọ̀, a sì jẹ́ èrò méje nínú rẹ̀. Awakọ̀ wa jẹ́ ọmọ Kábbà tí ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀nà tó jáde l'Ọ́mùò ti bàjẹ́ kọjá àlà, kòtò ń pe kòtò ránṣẹ́, tí ọ̀pá ẹ̀yìn mi fi ń sọ fún mi pé n kì í ṣe ọmọdé mọ́. Lẹ́yìn Kábbà, ọ̀nà dán díẹ̀, ṣùgbọ́n igbó dí ní ọ̀tún àti ní òsì, ẹ̀rù àwọn ajínigbé sì ń ba gbogbo wa. Obìnrin tó jókòó tì mí ń gbàdúrà lábẹ́ ẹnu. Awakọ̀ wo ojú wa nínú dígí, ó ní bí a bá ti kọjá àwọn sójà tó wà níwájú, a lè sùn. A kọjá wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sùn.

A dúró jẹun ní Lọ́kọ́jà ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni àwo ìrẹsì kan pẹ̀lú gígé ẹja odò, ẹja náà sì tóbi tó fi jẹ́ pé n kò lè bínú sí iye owó. Mo gbé mọ́ínmọ́ín mi sílẹ̀ fún ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí a kúrò níbẹ̀, a gun afárá gígùn kọjá Odò Ọya. Omi náà ti fà, iyanrìn hàn láàárín rẹ̀, àwọn apẹja dúró sínú rẹ̀ dé orúnkún. Mo ń ṣètò ọ̀rọ̀ tí n óò sọ fún Fúnmiláyọ̀ bí ẹni ń ṣètò ìwé ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń dún bí ìwàásù.

Ní Gwagwalada, awakọ̀ dúró ra epo. Obìnrin Haúsá kan ń ta másà lẹ́bàá ọ̀nà, ìyẹn oúnjẹ ìrẹsì funfun tí wọ́n ń dín roboto bí àkàrà. Ó ní sànnu. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ ẹ kú iṣẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ àti ẹ káàsán lọ́dọ̀ wọn. Yorùbá á ti kí tán lọ́nà márùn-ún kí ó tó yọ owó. Mo ní kó fún mi ní ti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Báàgì wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, mo bá fi ọwọ́ òsì na owó sí i. Ó fa ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, “Kai, Baba,” wọ́ọ́rọ́wọ́, bí àwa ṣe ń sọ pé háà, ó sì dúró. Mo gbé báàgì sílẹ̀, mo pààrọ̀ ọwọ́. Ó ní “Yauwa,” pé ó dáa báyìí, ó sì gba owó rẹ̀. Ojú tì mí. Èmi tí mo ń lọ bẹ̀bẹ̀ nítorí ọwọ́ òsì, mo ṣì gbà nínú ọkàn mi pé obìnrin náà jàre.

Agogo méjìlá ààbọ̀ la wọ gáréèjì Jabi. Àwọn ọ̀nà Àbújá fẹ̀, wọ́n dán, ilé gogoro wà lápá ibi gbogbo, ṣùgbọ́n inú gáréèjì kò yàtọ̀ sí gáréèjì mìíràn: eruku, ariwo, àwọn tó ń fa báàgì ẹni mọ́ ẹni lọ́wọ́. Fúnmiláyọ̀ ló kọ́kọ́ rí mi. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku yẹn pẹ̀lú aṣọ mímọ́ tó wọ̀, lójú gbogbo èèyàn, n kò sì rí ibi tí mo lè fi ojú sí. Ó mú ọmọ rẹ̀ obìnrin dání, Dára, ọmọ ọdún méje, tó kí mi ní èdè Òyìnbó kí ìyá rẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ léjìká kó kúnlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, pé kò kàn fẹ́ máa sọ ọ́ ni, àti pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ṣe rí.

A wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sí Karmo níbi tí wọ́n ń gbé. Bí a ṣe ń lọ ni àwọn ilé ń kéré sí i, tí ọ̀nà ọlọ́dà ń di ilẹ̀ pupa. Nínú ọgbà ilé wọn, a kọjá lára àwọn ayálégbé mẹ́ta, kò sí ẹni tó kí ẹnì kejì. Nílé wa, wọn ì bá ti bi mí léèrè ìyàwó, ọmọ àti ewúrẹ́ kí n tó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ọkọ Fúnmiláyọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Minna, ẹ̀ẹ̀méjì lóṣù ló ń wálé, nítorí náà àwa mẹ́ta nìkan la wà nílé. Ó gbé iyán àti ẹ̀fọ́ rírò fún mi. Ó ní iṣẹ́ òun ní mínísírì tí òun wà dára, pé ọ̀gá òun máa ń ní kí gbogbo ọ́fíìsì wá wo ìwé tí òun kọ. Ó fi ìwé kan hàn mí. Ìkọ̀wé mi gan-an ni, bí mo ṣe máa ń fa ìrù lẹ́tà sísàlẹ̀ kí n tó ká a. Mo rọra ti àwo iyán náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tí ó palẹ̀ àwo mọ́, mo ní kí n sọ ọ̀rọ̀ náà. Ìgbà náà ni Dára gbé ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ jáde. Kò jókòó. Ó kọ́kọ́ ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú ìbọ̀sẹ̀ funfun kan níbẹ̀, ó sì na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí ìyá rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ nǹkan fún un. Fúnmiláyọ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀ náà sí i lọ́wọ́, ó fi rọ́bà dè é lọ́rùn ọwọ́. Ọmọ náà ní, “Mummy, it's paining me.” Ìyá rẹ̀ ní kó fara dà á, pé ẹni tó kọ́ òun láti fara dà á ló jókòó yìí. Ó wá wò mí pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ọmọ tó gbé ìwé rẹ̀ wá fún màákì.

Mo ní, “Fúnmi, tú u.”

Ó wo ọwọ́ ọmọ náà, ó wò mí. Ó ní, “Ṣé ó yẹ kó le jù báyìí lọ ni, sà?”

Mo ní kí Dára lọ sí yàrá. Nígbà tó lọ, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, kì í ṣe bí mo ṣe ṣètò rẹ̀ lórí afárá. Mo ní ohun tí mo ṣe fún un kò dáa. Mo ní òun ni ẹni àkọ́kọ́, pé mẹ́wàá mìíràn tẹ̀ lé e, pé torí àtibẹ̀ ẹ́ ni mo ṣe wá, kì í ṣe torí ìkíni. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó má ṣe fi iṣẹ́ mi jẹ ọmọ rẹ̀ níyà. Ó ń ká etí aṣọ rẹ̀, ó ń tú u.

Ó ní, “Tíṣà, ojoojúmọ́ ni mo ń sọ fún ara mi pé ó nídìí, pé torí ẹ̀ ni mo fi dèèyàn. Bẹ́ẹ bá wá ní kò nídìí, kí lẹ wá fi mí ṣe nígbà yẹn?”

Fúnmiláyọ̀ kò bínú, ì bá sàn fún mi kó bínú. Ó dìde, ó bu omi tútù fún mi, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, ó béèrè bóyá mo fẹ́ wẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, bí mo ṣe ń jáde, mo rí ìbọ̀sẹ̀ náà lórí okùn aṣọ lẹ́yìn ilé. Fúnmiláyọ̀ ti fọ̀ ọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, ìkejì rẹ̀ kò sí níbẹ̀. N kò lè sọ fún yín bóyá ó fọ̀ ọ́ kó lè tún lò ó, tàbí kó lè dá a padà sọ́dọ̀ ìkejì rẹ̀. Dára ṣì ń sùn.

Ìyá rẹ̀ nìkan ló sìn mí dé Jabi. Ó ra búrẹ́dì méjì fún ìyàwó mi, ó sì tún kúnlẹ̀ nínú eruku. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, ó súnmọ́ fèrèsé, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn èrò má baà gbọ́. Ó ní, “Ṣé ẹ rántí pé ẹ rẹ́rìn-ín?”

Mo ní mo rántí.

Ó ní, “Mo ti ń rò pé èmi nìkan ni mo rántí.” Ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì yí padà. N kò mọ̀ bóyá àforíjì nìyẹn. Mo yẹ̀ ẹ́ wò títí a fi dé Lọ́kọ́jà, n kò sọ̀ kalẹ̀ jẹun.

Mo délé ní agogo mẹ́ta ọ̀sán. Ìyàwó mi bi mí báwo ni Àbújá, mo sọ iye tí ìrẹsì jẹ́ fún un, mo sì sọ bí ọ̀nà ṣe rí. Ó gba búrẹ́dì, ó ní ọmọ tí mo kọ́ yẹn ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ní ọjọ́ Ajé, mo wọ kíláàsì mi. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Bọ́sẹ̀, ìjókòó rẹ̀ kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ sí tábìlì mi. Òun ni ẹni kọkànlá. Láti ìgbà tí mo ti dé láti ibi ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta yẹn ni mo ti yé so ó, ṣùgbọ́n n kò bá a sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa rẹ̀. Ojú ń tì mí láti bẹ ọmọ ọdún méje. Mo wá gun ọkọ̀ wákàtí méje lọ bẹ ìyá ọlọ́mọ ní Karmo, mo fi ẹni tó wà nítòsí sílẹ̀. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò ju ìyẹn lọ, ó sì tó.

Mo ń rìn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń kọ̀wé. Bó ṣe gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó sáré gbé pẹ́ńsù láti ọwọ́ òsì sí ọ̀tún. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní kó má bínú sí mi, mo ní kó dá a padà sí ọwọ́ tó bá wù ú. Ó wo àpò ṣòkòtò mi, níbi tí aṣọ tí mo fi ń so ó máa ń wà. Mo fa inú àpò náà síta kó rí i pé òfìfo ni. Ó wò ó, ó gbé pẹ́ńsù náà sílẹ̀, ó sì kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ tábìlì.